Kimi: ta ni yóò gba Angela gbọ́?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ̀rín obìnrin kan ti ń dà mí láàmú. Ẹ̀rín ọ̀gá ọ́fíìsì ni: ẹni tó fi ohùn pẹ̀lẹ́ kí ọ káàbọ̀, tó ní kó o fara balẹ̀, tó sì ti pinnu kó o tó wọlé pé ohun tó o bá sọ kò ní kúrò nínú yàrá yẹn. Natalie Chowdhury lorúkọ rẹ̀ nínú fíìmù Kimi, Rita Wilson ló sì ṣe é. Kò pẹ́ rárá lójú àwòrán. Àwọn apààyàn wà nínú fíìmù kan náà tí wọ́n ń lé èèyàn kiri ìgboro, mo sì ti gbàgbé ojú wọn. Ojú obìnrin yìí ni mi ò gbàgbé.

Ohun tí wọ́n fi polówó fíìmù náà ni pé obìnrin kan, Angela, ń bẹ̀rù ìta, ó há mọ́lé, wàhálà wá bá a níbẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀kùn lèèyàn máa kọ́kọ́ fojú sí: ṣé á jáde, àbí kò ní jáde? Ìgbà tí mo tún un wò ló wá hàn sí mi pé ọ́fíìsì yẹn ni oríta ìtàn náà. (Màá sọ ibi tó parí sí o. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tó sì fẹ́ jẹ̀gbádùn rẹ̀, kó lọ wò ó ná. Ìṣẹ́jú 89 péré ni.)

Owó kékeré, pálọ̀ kan

Steven Soderbergh ló darí rẹ̀, David Koepp ló kọ ọ́, orí HBO Max ló sì ti jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2022. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí. Lójú àwa tí à ń fi náírà ṣírò, owó ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n ní Hollywood, owó ìpápánu ni. Koepp yìí kan náà ló kọ Panic Room, tó jáde ní 2002, níbi tí Jodie Foster àti ọmọ rẹ̀ ti sá pamọ́ sínú yàrá kan nígbà tí olè wọlé. Mílíọ̀nù 48 dọ́là ni tìyẹn gbà. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó tún padà sídìí obìnrin tó há mọ́lé, owó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá.

Soderbergh fúnra rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà, òun náà ló gé fíìmù náà tó sì tò ó pọ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Orúkọ tó fi ń bojú ni wọ́n kọ síbẹ̀: Peter Andrews fún kámẹ́rà, Mary Ann Bernard fún títò. Ara orúkọ bàbá rẹ̀ ló ti mú àkọ́kọ́, ìkejì sì ni orúkọ ìyá rẹ̀ kó tó relé ọkọ.

Àwa tá a ti wo fíìmù Yorùbá tí pálọ̀ kan ṣoṣo ti di ilé olówó, ilé pásítọ̀ àti ilé àna, a mọ ohun tí àìlówó máa ń fà. Kimi ò fi pálọ̀ rẹ̀ pe nǹkan mìíràn ní tirẹ̀. Ilé Angela ni, ilé Angela náà ló sì ń jẹ́ látòkèdélẹ̀: gbọ̀ngàn gbọọrọ kan ní Seattle, fèrèsé ńláńlá tó kọjú sí òpópónà, tábìlì iṣẹ́, bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀kùn. Lókè orí rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń tún ilé ṣe, ariwo wọn ò sì jẹ́ kó sinmi. Kí fíìmù náà tó dé ìdajì, a ti mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú ilé yẹn, débi pé nígbà tí ìjà bá dé, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ibo lẹsẹ̀ rẹ̀ gbà. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn, owó ò sì lè rà á.

Ẹni tó ń gbọ́ ohùn aráyé

Zoë Kravitz ló ṣe Angela Childs. Irun rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, ẹnu rẹ̀ mú, kì í sì í ṣe ẹni tó ń wá ojú àánú ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Amygdala ló ń bá ṣiṣẹ́ láti ilé. Àwọn ló ṣe Kimi, ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn máa ń gbé sílé tó sì ń bá sọ̀rọ̀: tan iná, kọ orin, kọ ohun tí mo fẹ́ rà sílẹ̀. Bí Kimi ò bá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ yé, ohùn náà á wá sọ́dọ̀ Angela, òun á sì tún un ṣe. Ẹnì kan fi orúkọ tí wọn kì í lò ní Amẹ́ríkà pe bébà ìnuwọ́, Kimi ò mọ ohun tó ń wí, Angela á ṣàlàyé fún un. Bó ṣe ń lọ nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ má rò pé àlá òǹkọ̀wé lásán ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Bloomberg gbé ìròyìn jáde pé àwọn òṣìṣẹ́ Amazon ń tẹ́tí sí ohun tí àwọn èèyàn ń bá Alexa, ẹ̀rọ wọn tó dà bíi Kimi, sọ nínú ilé wọn. Ní oṣù keje ọdún yẹn, The Guardian ròyìn irú rẹ̀ nípa Siri ti Apple: àwọn tí wọ́n gbéṣẹ́ náà fún máa ń ṣèèṣì gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn pẹ̀lú dókítà rẹ̀, wọ́n sì máa ń gbọ́ ti lọ́kọláya lórí ibùsùn. Àwọn àgbà ti sọ fún wa tipẹ́ pé ògiri létí. Wọn ò sọ pé ògiri á máa gba owó oṣù.

Obìnrin yìí ń gbọ́ inú ilé gbogbo ayé, kò sì lè dé ìsàlẹ̀ ilé tirẹ̀. Eyín ń ro ó débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò gba ọwọ́. Dókítà eyín wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ó ní kó wá, kó má fi ṣeré. Ó ní rárá, kí wọ́n fún òun lóògùn. Ẹni tí eyín bá ti dùn rí mọ bí ìpinnu yẹn ṣe le tó.

Ọkùnrin kan tún wà ní ilé tó dojú kọ tirẹ̀, Terry, Byron Bowers ló ṣe é. Ó ní kí Angela wá bá òun jẹun àárọ̀ nídìí ọkọ̀ olóúnjẹ tó wà nísàlẹ̀. Kò jìnnà, èèyàn lè rí i láti ojú fèrèsé. Angela fẹ́ lọ. Ó múra, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Ibẹ̀ ni Soderbergh dá wa dúró sí. Kò sí orin tó ń halẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn. Ọwọ́ kan lára irin ni, àti èémí tó ń yára sí i. Nígbà tó yá, ọwọ́ yẹn kúrò níbẹ̀. Terry sì wà nísàlẹ̀ tó ń retí rẹ̀.

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn

Fíìmù náà jẹ́ ká mọ̀ pé wọ́n ti fi ipá ṣe Angela léṣe rí, àti pé Kòrónà wá fi tirẹ̀ kún un. Kò jókòó ti ìtàn yẹn, mo sì gbóríyìn fún un. Kò fi àwòrán ìyà obìnrin náà ṣe ìran fún wa.

Ní 1871, dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Carl Westphal kọ̀wé nípa àwọn ọkùnrin kan ní Berlin tí àyà wọn máa ń já bí wọ́n bá fẹ́ gba gbàgede kọjá. Òun ló fún àìsàn náà lórúkọ tí wọ́n ń pè é títí dòní, agoraphobia. Ó ṣàkíyèsí nǹkan kan tó gbádùn mọ́ mi: bí àwọn èèyàn yìí bá rẹ́ni bá wọn rìn, tàbí tí wọ́n bá tiẹ̀ mú ọ̀pá dání, ara wọn máa ń balẹ̀ díẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà òde òní náà sọ kò jìnnà sí i. Wọ́n ní ohun tó ń dẹ́rù ba irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èrò pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí òun lóde, kò ní rọ́nà sá, kò sì ní rí olùrànlọ́wọ́.

Ní àdúgbò kan tí mo gbé rí l'Ékòó, ìyá oníṣòwò kan wà tí wọ́n gbé ní wan-ṣáǹsì. Wọ́n gba owó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tì í bọ́ sílẹ̀ létí títì márosẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi dáńfó sílẹ̀, ó wá fi ọjà sílẹ̀, nígbà tó yá kò kọjá géètì mọ́. Ọmọ ló ń rán sí ohun gbogbo. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Àwọn kan ní ayé ló dè é mọ́lé. Àwọn tó láájò jù gbé òróró àdúrà wá. Ìyá yìí kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa àwọn olè náà. Ìbéèrè tí wọ́n bi í nígbà tó lọ fẹjọ́ sùn ló máa ń tún sọ, á fi ohùn ọkùnrin sọ ọ́: “Mádàámù, kí lẹ wá ń wá nínú ọkọ̀ yẹn lálẹ́?” Àwọn ará ilé á ní Màmá tún ti bẹ̀rẹ̀.

A máa ń sọ pé ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe yẹn ti gbà ṣáájú pé ekòló lásán ló kù lóde, pé ejò ti lọ. Kimi ò gbà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti yà kúrò lára ọ̀pọ̀ fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ nípa aláìsàn ọkàn.

Ọ́fíìsì

Lọ́jọ́ kan, ohùn kan wọlé tí orin inú rẹ̀ ń dún kíkankíkan. Nǹkan kan wà lábẹ́ orin náà. Angela gbé ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́ jáde, ó so okùn mọ́ okùn, ó ń yí bọ́tìnì, ó sì ń yọ orin náà kúrò díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Igbe obìnrin ló kù.

Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹnikẹ́ni. Ó wá bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Romania, ìyẹn fún un ní ọ̀nà tó máa gbà rí ìyókù. Báyìí ló ṣe gbọ́ bí wọ́n ṣe pa obìnrin náà, Samantha, àti pé ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ Amygdala ló rán wọn, ní àkókò tí wọ́n ń múra láti ta ìpín ìdókòwò fún aráàlú tí owó ńlá sì fẹ́ wọlé.

Chowdhury, ọ̀gá ní Amygdala, ló wá sọ lórí fóònù pé kó mú ohùn náà wá sí ọ́fíìsì. Angela ní àfi tí àwọn FBI bá máa wà níbẹ̀. Chowdhury ní wọ́n á wà. Bí Angela ṣe múra nìyẹn. Ohun tí dókítà eyín, dókítà ọpọlọ, ìyá rẹ̀ àti ọkùnrin òdìkejì títì ò rí ṣe, òkú obìnrin tí kò mọ̀ rí ló ṣe é. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ní ìta, kámẹ́rà tó ti ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ nínú ilé ṣàdédé di oníwàdùwàdù. Ó lọ sílẹ̀, ó dagun, ó ń sáré tẹ̀ lé e. Angela fi fìlà aṣọ bo orí, ó ń fara ro ògiri bó ṣe ń lọ, apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara. Àwọn kan rí ìrìn yẹn bí àṣejù. Lójú tèmi, ìrìn náà ló dára jù nínú gbogbo ohun tí Kravitz ṣe níbẹ̀: ẹni tó ti pinnu láti lọ, tí ara rẹ̀ ò tíì gbà.

Ó sì dé ọ́fíìsì. Ó ti ṣe ohun tó ṣòro jù láyé rẹ̀. Chowdhury gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ wo bí obìnrin yìí ṣe ń ṣe é: kò jiyàn, kò pariwo, kò pe Angela ní òpùrọ́. Kò sí FBI níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ̀, nǹkan díẹ̀ ló dá wọn dúró. Ṣé kò ní jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ? Láàárín ọ̀rọ̀ ìkẹ́ yẹn, ó wá mẹ́nu ba ìsinmi tí Angela gbà nígbà kan nítorí ìlera ọpọlọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàánú. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ojú Angela yí padà.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé wọ́n ti dá ẹjọ́ náà kó tó jókòó. Ìwé àìsàn rẹ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ohùn tó gbé wá lè dún ketekete, igbe òkú lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e wá ti gba ìsinmi orí gbígbóná rí, ó parí. Ìbéèrè tí wọ́n bi ìyá oníṣòwò ọjọ́sí náà nìyẹn, àfi pé ti Chowdhury rọ̀ létí. Ọ̀rọ̀ àwọn dókítà wá bá a mu gẹ́lẹ́: kò rọ́nà sá, kò rí olùrànlọ́wọ́. Inú ilé ni wọ́n ti ní ìrònú lásán ni. Ó jáde, ó sì bá ohun tó ń bẹ̀rù ní ọ́fíìsì tó mọ́ tónítóní, tó wọ aṣọ iṣẹ́.

Ohun tí mo rò pé fíìmù yìí ń sọ nìyẹn. Angela kò bẹ̀rù afẹ́fẹ́ tàbí oòrùn tàbí èrò ọjà. Ohun tó ti kọ́ ni pé bí ìyà bá tún jẹ òun, òun máa ní láti rò ó fún àwọn tí kò ní gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ti rí èyí rí, tó wá ti ilẹ̀kùn, ọgbọ́n wà nínú ohun tó ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pa á lára.

Àwọn tí kò béèrè nǹkan kan

Ó sá jáde níbẹ̀. Wọ́n lé e bá ní òpópónà, wọ́n ń wọ́ ọ lọ sínú ọkọ̀, ó figbe ta. Àwọn tó gbà á sílẹ̀ ni àwọn olùwọ́de tó ń kọjá lọ. Ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wọ́de ni òfin tí ìlú fẹ́ fi káwọ́ àwọn tí kò nílé. Obìnrin tí kò lè kúrò nílé, àwọn tó ń jà fún aláìnílé ló yọ ọ́. Soderbergh kò fi ìka tọ́ka sí i, kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ sọ nípa rẹ̀. Wọ́n rí i pé wọ́n ń wọ́ èèyàn, wọ́n dáwọ́ jọ, ó tán. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó ti gba ìsinmi rí.

Kevin náà wà níbẹ̀, aládùúgbò tó máa ń fi awò wo fèrèsé Angela láti òdìkejì títì. Gbogbo wa ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ burúkú inú ìtàn. Òun náà ló sáré jáde nígbà tó rí i pé wọ́n ká Angela mọ́, ó sì fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Mi ò fọwọ́ sí awò tó ń lò o. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù tí gbogbo ilé-iṣẹ́ kan ti ń tẹ́tí sí aráyé láìṣe nǹkan kan, ẹnì kan ṣoṣo tó ń wò tó sì ṣe nǹkan nípa ohun tó rí, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.

Nígbà tí àwọn apààyàn wá gbé Angela padà sílé tirẹ̀, gbogbo ohun tá a ti mọ̀ nípa pálọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ó pàṣẹ fún Kimi, iná kú, orin dún. Ẹ̀rọ tí àwọn òṣìṣẹ́ òkè fi ń yin ìṣó di ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ nílé níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo sì rí i pé nínú gbogbo ohun tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu Angela lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rọ yẹn nìkan ló gba ohùn rẹ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí wọ́n fò

Lẹ́yìn èyí, fíìmù náà fò siwájú. Wọ́n ti mú ọ̀gá àgbà. Angela wà níta pẹ̀lú Terry nídìí ọkọ̀ olóúnjẹ, ara rẹ̀ yá gágá. Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wo àìsàn yìí ni pé kí èèyàn máa jáde díẹ̀díẹ̀, kó lọ dé ẹnu ọ̀nà lónìí, kó dé ìsàlẹ̀ lọ́la, kó padà sẹ́yìn, kó tún gbìyànjú. Kò sẹ́ni tó ń wo ìbẹ̀rù ìta sàn nípa pé wọ́n lé e kiri ìgboro láti pa á. Bí ó bá jẹ́ ìtàn ojúlówó ni, ọjọ́ yẹn á tì í padà sínú ilé fún ọdún gbọọrọ.

Ohun tó dùn mí jù ni ohun tó wà láàárín ìjà àti oúnjẹ àárọ̀ yẹn. Òkú wà nílẹ̀ ilé obìnrin kan tó ti gba ìsinmi ọpọlọ rí, òun ló sì pa wọ́n. Ọlọ́pàá á dé. Wọ́n á gbé àga kan kalẹ̀ fún un, wọ́n á fún un ní omi, wọ́n á ní kó fara balẹ̀. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà á wá pẹ̀lú fáìlì kan lábíyá. Ta ló jókòó tì í nínú yàrá yẹn? Kí ni wọ́n bi í? Ìgbà wo ni wọ́n gbà á gbọ́, àbí ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ ni wọ́n gbà gbọ́ tí wọ́n sì fi tirẹ̀ sílẹ̀? Ogún ìṣẹ́jú sí i ni kò bá gbà, yàrá kan sì tó, wọn ò bá má ná ju iye tí wọ́n ná lọ.